Ìyá Tí Mo Lọ Pàdé ní Pápá Bààlú

Láyé ìgbà tí epo gbòde yẹn, ohun tí àwọn ará Èkó gbà gbọ́ ni pé kò sí ẹni tó ń gbé Warri tí kò ní mọ́tò. Wọ́n rò pé bí a bá ti jí láàárọ̀, ṣe la kàn máa ń na ọwọ́ sójú fèrèsé mú owó. Irọ́ gbuu ni. Èmi ń ṣiṣẹ́ taipíìsì ní ọ́fíìsì agbaṣẹ́ṣe kan tó ń kó oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ epo tó wà lórí omi, ẹsẹ̀ mi ni mo sì fi ń lọ síbi iṣẹ́. Àfẹ́sọ́nà mi ń tún ẹ̀rọ ṣe lórí omi ọ̀hún kan náà, kẹ̀kẹ́ ológeere ni òun ní. Bí àlejò wa bá bá bààlú dé láti Èkó, bọ́ọ̀sì pápá bààlú la jọ ń wọ̀ wálé.

Kí n sọ díẹ̀ nípa bọ́ọ̀sì náà, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti gbó. Ọ̀dà búlúù ara rẹ̀ ti ń ṣí, pákó ni ìjókòó rẹ̀, wọ́n sì kọ *No Hurry* gàdàgbà síwájú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò purọ́. Àwọn awakọ̀ takisí tó ń dúró ní pápá bààlú gbà pé ọ̀gá epo ni ẹnikẹ́ni tó bá ti inú bààlú jáde, iye tí wọ́n bá sì pè fún un á fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kó padà sínú bààlú. *No Hurry* kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ló ń gbà, ó sì ń dé àwọn àdúgbò ẹ̀yìn ìlú tí takisí kì í fẹ́ dé nítorí ẹrẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà Ùròbò kan tó sanra, tó máa ń fi tówẹ́ẹ̀lì kọ́ ọrùn. Kò ní ibùdókọ̀ kankan. Á bi ẹnì kọ̀ọ̀kan níbi tó ń lọ, á sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ gan-an. Àwa tí ilé wa jìn á ti fi bẹ́ẹ̀ rí gbogbo Warri tán kí a tó délé.

Ọ̀sán ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyá àfẹ́sọ́nà mi ni mo lọ pàdé. N kò rí wọn rí. Ìlàjẹ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ta ẹja l'Ékòó. Wọ́n tẹ wáyà sí ọmọ wọn pé àwọn ń bọ̀ wá wo ọmọbìnrin tó ní òun fẹ́ fẹ́. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá wò. Ọmọbìnrin kan ti wà l'Ékòó tí wọ́n fojú sí fún un, ọmọ ìjọ wọn tó mọ aṣọ rán, tó sì mọ orin kọ. Àfẹ́sọ́nà mi sọ fún mi lójú kojú pé òun nìkan lọmọ tó kù fún ìyá òun, bàbá òun ti kú, òun kò sì lè fẹ́ ìyàwó tí ìyá òun kò bá súre fún. Inú bí mi débi pé n kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé ó sàn kí ọkùnrin sọ òótọ́ báyìí ju kó máa fi mí ṣeré lọ. Ohun tó kù ni pé kí ìyá náà fẹ́ràn mi, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, Mùsùlùmí ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Deco Road. Àwọn ará ilé àfẹ́sọ́nà mi ní tiwọn kì í fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣeré rárá. Èyí tó tún wá burú jù ni ẹnu mi. Warri ni wọ́n bí mi sí. Bí bàbá mi bá bá mi sọ Yorùbá, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n Pidgin ni mo fi ń dá wọn lóhùn, wọn á sì máa wò mí bí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ọmọ rẹ̀ fún ní ọsibítù. Nígbà tí wáyà dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kọ́ mi. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kírun àṣálẹ́ tán, wọn á jókòó sórí àga, wọn á ní kí n wọlé wá bí ẹni ń pàdé àgbà. Mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, kí n má kàn tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. N kò gbọdọ̀ wo ìyá náà lójú. Kí n gba ẹrù ọwọ́ wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, n kò gbọdọ̀ bi wọ́n léèrè pé ta ni wọ́n tàbí kí ni orúkọ wọn, nítorí ọmọ tó bá ń bi àgbà ní orúkọ kò ní ilé ẹ̀kọ́ kankan tó tún lè gbà á. Bàbá mi ní bí mo bá lè gbé ẹrù kí n sì pa ẹnu mọ́, ìyókù á yanjú.

Àfẹ́sọ́nà mi ló yẹ kó lọ pàdé wọn, kí èmi máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí omi ṣàìsàn, wọ́n sì ní kí àfẹ́sọ́nà mi padà lọ kí ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ tó pé. Ó sáré kọ ìwé kékeré sílẹ̀ fún mi pé kí n mú ìyá òun lọ sí ilé òun ní Okumagba Layout. Ó ní ìyá òun á wọ léèsì aláwọ̀ ewé, wọ́n á sì gbé apẹ̀rẹ̀ dání. Ó fi fọ́tò kan sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n yà nígbà Kérésì kan sẹ́yìn, tí gèlè bo ìdajì ojú wọn. Ó ní òun ti fi fọ́tò tèmi ránṣẹ́ sí wọn, èyí tí mo fi òwú di irun nínú rẹ̀, tí irun náà dúró ṣánṣán.

Kí ni mo wá ṣe lọ́jọ́ náà? Mo dé wíìgì. Wíìgì roboto ńlá tó gbòde nígbà yẹn ni mo gbé lé irun òwú mi, mo sì wọ bàtà gogoro tí kò jẹ́ kí n lè rìn tààrà. Mo fẹ́ kí ìyá náà mọ̀ pé mo lajú. Ọpọlọ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ látinú bààlú, ẹ̀rù bà mí. Léèsì aláwọ̀ ewé ló gbòde lọ́dún náà, owó epo ti wọ ara gbogbo èèyàn, obìnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì wọ̀ ọ́ nínú bààlú kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹnì kan péré nínú wọn ló gbé apẹ̀rẹ̀. Wọ́n sanra, wọ́n dúdú, gèlè wọn sì ga dáadáa bíi ti inú fọ́tò. Mo lọ síwájú wọn, mo sì kúnlẹ̀ gbàgà sínú eruku, eékún méjèèjì, bí bàbá mi ṣe wí.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà o, màmá. Ẹ kú àbọ̀."

Ìyá náà dúró. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí wíìgì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún mi ní èdè kan tó dà bíi Yorùbá, tí n kò sì gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Inú mi dùn. Ìlàjẹ nìyí, ni mo sọ fún ara mi. Mo ti gbọ́ tí àfẹ́sọ́nà mi ń sọ ọ́ pẹ̀lú àwọn ará ìlú rẹ̀, bó sì ṣe máa ń rí létí mi gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbé Warri mọ̀ pé bí Ìlàjẹ àti Ìṣẹ́kírì bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Èmi tí mo ti gbé Warri láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi kò rántí ìyẹn lọ́jọ́ náà. Mo gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, mo gbé e rù, mo sì mú wọn lọ sínú *No Hurry*.

Mo fi wọ́n jókòó sí ojú fèrèsé níwájú. Mo fi áńkáṣíìfù mi nu pákó kí wọ́n tó jókòó. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ wọn lé itan ara mi, mo sì fi ìwé ìròyìn fẹ́ wọn. Wọ́n fi Pidgin dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn tún dùn mọ́ mi ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo gbà pé ọmọ wọn ti sọ fún wọn pé n kò gbọ́ Yorùbá dénú, wọ́n sì ti kọ́ Pidgin díẹ̀ nítorí mi. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo rò ó nínú ara mi pé irú ìyá yìí ṣọ̀wọ́n.

Awakọ̀ wa kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní pápá. Ó ti kó gbogbo wa sínú bọ́ọ̀sì kó tó rí ìyá kan tó dá dúró lábẹ́ igi, tó gbé báàgì kan lọ́wọ́, tó wọ àǹkárá tó ti ṣá. Wọ́n tín-ín-rín, ojú wọn sì le. Ó fi Pidgin pè wọ́n, ó ní kò sí ẹnikẹ́ni mọ́ lórí pápá, kí wọ́n wọlé. Wọn kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo yọrí síta, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n bi mí bóyá bọ́ọ̀sì náà ń dé Okumagba Layout. Mo ní ibẹ̀ gan-an ni èmi àti màmá mi náà ń lọ. Wọ́n gòkè, wọ́n sì jókòó sẹ́yìn mi.

N kò ní fi yín sínú òkùnkùn. Ìyá tó jókòó sẹ́yìn mi yìí gan-an ni ìyá àfẹ́sọ́nà mi. Léèsì aláwọ̀ ewé wọn wà nínú báàgì. Ẹnì kan ti sọ fún wọn l'Ékòó pé gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ bààlú ló máa ń bì, wọn kò sì fẹ́ bì sára léèsì. Apẹ̀rẹ̀ wọn ti já ní Èkó, ni wọ́n fi kó ẹrù sínú báàgì. Àìsàn kan ti mú wọn rù láti ìgbà tí wọ́n ti ya fọ́tò yẹn. Wọ́n sì ti wo gbogbo ọmọbìnrin tó wà ní pápá láti wá ẹni tó fi òwú di irun, wíìgì ni wọ́n rí.

A gbéra. Bọ́ọ̀sì ń gbọ̀n, afẹ́fẹ́ ń wọlé, gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú *No Hurry*. Ọkùnrin kan ń sọ bí bààlú ṣe jábọ́ díẹ̀ lójú ọ̀run tí òun sì ṣèlérí fún Ọlọ́run pé òun ò ní mu ọtí mọ́. Wọ́n bi í bóyá ìlérí náà ṣì dúró. Ó ní ó di ìgbà tí òun bá tún wọ bààlú. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìyá tó wà lẹ́yìn mi kò rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀, mo sì bi wọ́n pé kí ló dé.

Wọ́n fi Yorùbá Èkó tó dán létí sọ ọ́. "Ẹni tó yẹ kó wá pàdé mi ni kò wá. Ọmọbìnrin kan báyìí ni. Mo dúró títí oòrùn fi pa mí."

Ká ní mo dákẹ́ ni, ì bá dára. Ṣùgbọ́n màmá oníléèsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì rí ààyè láti fi hàn wọ́n pé wọ́n kọ́ mi dáadáa nílé. Mo gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́.

"Ẹ má dá a lóhùn, mà. Ọmọ tí kò lè wá pàdé àgbà ní pápá bààlú, ilé ta ló fẹ́ gbé?"

Ìyá náà ní ohun tí àwọn náà ń rò nìyẹn. Èyí fún mi lágbára. Mo ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á ti wà níwájú dígí tó ń lẹ pàǹkéèkì mọ́jú. Mo ní ojúgbà mi pọ̀ ní Warri tó jẹ́ pé ojú ayé nìkan ni wọ́n ń ṣe, kò sí ìtẹríba lára wọn. Nígbà tí Yorùbá bá já lẹ́nu mi, Pidgin ni mo fi ń dí i. Mo bú ọmọbìnrin náà láti pápá bààlú títí a fi sún mọ́ Ogunu. Ìyá náà kàn ń sọ pé "O ṣé, ọmọ mi, o ṣé," wọ́n sì bi mí bóyá mo ti ní ọkọ. Mo rẹrí sílẹ̀, mo ní ó kù díẹ̀.

Ní Ogunu, awakọ̀ dúró níwájú ilé kan tó ní géètì funfun. Màmá oníléèsì dìde, wọ́n sì na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀. Mo ní a kò tíì délé. Wọ́n ní ilé àwọn nìyí. Mo ní rárá, Okumagba Layout là ń lọ, mo ti se oúnjẹ sílẹ̀, mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ta ló ń lọ sí Okumagba Layout?  Mo gbà pé wọ́n ti rí nǹkan kan lára mi tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, pé wọ́n ní ìbátan kan ní Ogunu tí wọ́n fẹ́ lọ dé sí kí wọ́n má bàa dé ilé tí mo ti tọ́jú. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ láàárín ìjókòó, mo sì di apẹ̀rẹ̀ náà mọ́ àyà.

"Màmá, abeg, if na wetin I talk, make una no vex."

Pidgin kò ní "una" fún ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n àwa ọmọ Yorùbá Warri máa ń fi bọ̀wọ̀ fún àgbà bẹ́ẹ̀.

Màmá náà fa apẹ̀rẹ̀. Mo fà á padà. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó sì yíjú sẹ́yìn. Gbogbo bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi bẹ màmá náà pé kí wọ́n dárí ji ọmọ wọn, pé ohun yòówù tí mo bá ṣe, mo ti kúnlẹ̀. Ọkùnrin tó ṣèlérí lójú ọ̀run ni ohùn rẹ̀ ga jù. Màmá oníléèsì wo gbogbo wọn yíká, ó yà wọ́n lẹ́nu pátápátá.

"I no born this one o," ni wọ́n wí. "As I come down from plane, she kneel down, carry my load. I think say na airport put am there to dey help old people. I say at last, oil money don do one good thing."

Ẹ̀rín bú sí bọ́ọ̀sì. Awakọ̀ fi tówẹ́ẹ̀lì bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo dárúkọ àfẹ́sọ́nà mi fún màmá náà, mo bi wọ́n bóyá àwọn kọ́ ni ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ Ìṣẹ́kírì ni àwọn, ọmọbìnrin àwọn tó bímọ l'Ékòó ni àwọn lọ kí. Ìgbà náà ni ọwọ́ kan bà lé mi léjìká láti ẹ̀yìn.

"Tún orúkọ yẹn pè," ni ìyá tó wà lẹ́yìn wí.

Mo tún un pè.

"Èmi ni mo bí i."

Títí di òní, n kò mọ ẹni tó gbé mi dìde. Mo kàn rí i pé mo wà lórí ẹsẹ̀ mi, wíìgì mi ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyá àfẹ́sọ́nà mi sì ń wò mí. Gbogbo ohun tí mo sọ láti pápá bààlú ń padà bọ̀ sí mi létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ẹlòmíràn tó gbọ́ Yorùbá nínú bọ́ọ̀sì ti ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó kù, pé ara rẹ̀ ni ọmọ yìí ti ń bú bọ̀, ẹ̀rín sì tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Màmá Ìṣẹ́kírì nìkan ló ṣàánú mi. Wọ́n mú búrẹ́dì kan nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n wá yíjú sí ìyá àfẹ́sọ́nà mi, wọ́n sì bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Ìyá fi Ìlàjẹ dáhùn. Àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn yékéyéké. N kò gbọ́ ọ dáadáa lọ́jọ́ náà, ìyá ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Màmá Ìṣẹ́kírì ní bí wọn kò bá fẹ́ mi, kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ níbí, àwọn ní ọmọkùnrin kan tí kò tíì gbéyàwó. Ìyá dá wọn lóhùn pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ wò mí tán.

Màmá Ìṣẹ́kírì gbé apẹ̀rẹ̀ wọn sọ̀ kalẹ̀, a sì tún gbéra. Mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, báàgì wọn wà lórí itan mi, búrẹ́dì wà lórí báàgì.  Bàbá mi kò kọ́ mi ní èyí. Nígbà tí a dé Deco Road, bàbá mi fúnra wọn ti wà níwájú ìsọ̀ wọn, wọ́n wọ agbádá tuntun, wọ́n ń ju ọwọ́. Awakọ̀ mọ̀ wọ́n, ó dúró. Wọ́n sún mọ́ fèrèsé, wọ́n sì kí ìyá ní kíkí Ọ̀yọ́ tí kì í tán bọ̀rọ̀: wọ́n kí wọn kú ìrìn, kú ewu, kú oòrùn, kú ọmọ, wọ́n bi wọ́n léèrè ará ilé, wọ́n bi wọ́n léèrè ará Èkó. Wọ́n ní wọ́n á rí i pé ọmọ àwọn ti tọ́jú wọn dáadáa láti pápá. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ìyá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣe iṣẹ́ ńlá. Wọn kò fi kún un, wọn kò yọ nínú rẹ̀, bọ́ọ̀sì sì lọ.

 Ìyá wá bi mí pé irun inú fọ́tò dà. Mo ṣí wíìgì. Irun òwú mi ti tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan lẹ́yìn pàtẹ́wọ́. Ìyá fi ìka tọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ dìde, ó tún wó. Wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó tún wó, ojú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

"Láti Èkó ni mo ti di ẹjọ́ rẹ wá," ni wọ́n wí. "Mo ti to gbogbo ohun tí mo máa sọ. Ìwọ fúnra rẹ wá ro gbogbo rẹ̀ tán lójú mi, o tún fi pàǹkéèkì sí i."

Ẹ̀rín ló pa wọ́n. Mo ti rí èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín, n kò tíì rí irú èyí. Wọ́n di pákó iwájú mú, èjìká wọn ń gbọ̀n, omi ń jáde lójú wọn, wọn kò sì lè mí dáadáa. Ẹ̀rín náà ran èmi náà. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà, n kò sì tijú rẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí bààlú gbéra l'Ékòó, gbogbo èèyàn ń gbàdúrà kó má já, àwọn ń gbàdúrà kí àwọn má fẹ́ràn mi. Wọ́n ní ọmọ kan ló kù fún àwọn láyé. Bó bá fẹ́ ọmọ Èkó, á padà wálé lọ́jọ́ kan. Bó bá fẹ́ ọmọ Warri, Warri ti gbà á nìyẹn, wọ́n á sì máa fi fọ́tò ọmọ-ọmọ tí kò gbọ́ èdè àwọn ránṣẹ́ sí àwọn.

Mo gbójú, mo bi wọ́n. "Nísinsìnyí ńkọ́, mà?"

Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ń gbọ̀n jù, kí n jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀.

Ẹ̀yìn ìlú pátápátá ni Okumagba Layout jẹ́ lójú mi nígbà yẹn. Ilé tuntun pọ̀, àwọn mìíràn kò tíì ní òrùlé, ilẹ̀ pupa ti di ẹrẹ̀ nítorí òjò ìjẹta. Àwa nìkan ló kù nínú bọ́ọ̀sì. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di ìyá lọ́wọ́ mú títí wọ́n fi tẹ ibi tó gbẹ, ó sì gba báàgì lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ó fẹ́ gbé e fún wọn ni. Kò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ó dúró láàárín wa, ó ní òun fẹ́ bi màmá ní ìbéèrè kan kí òun tó fi àgbà sílẹ̀ síbí.

"This girl first carry one woman say na her mama," ni ó wí. "Now she carry you. Madam, who be this girl to you?"

Ìyá bi mí pé kí ló sọ.

 Mo lè parọ́, mo lè ní ó ń kí wọn kú àbọ̀. Mo wo ẹrẹ̀ tó wà lára bàtà gogoro mi. "Ó ní kí ni mo jẹ́ sí yín," ni mo wí.

 Ìyá wo ilé tí ọmọ wọn ń gbé, wọ́n wo ojú ọ̀nà tí a gbà wá, wọ́n sì tún gèlè wọn wé. Wọ́n wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe ní àwọn ń bọ̀ wá wò mí.

"Sọ fún un pé ìyàwó mi ni ọ́."

 Mo yíjú sí awakọ̀. "She say I be her wife."

Ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn etí, ó ní òun kò gbọ́. Ìyá ní kí n tún un sọ fún un. Mo tún un sọ, mo sì jẹ́ kí gbogbo Okumagba Layout gbọ́.